Mo Fi Eku Adití Ṣe Ẹlẹ́rìí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́, nítorí ẹsẹ̀ mi kò gbà mí dúró mọ́ bíi tàtijọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin tí a jọ ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀wù funfun, mo mọ̀ pé wọ́n sọ fún yín pé mo ń bọ̀ wá dágbére. Irọ́ ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, torí ká ní mo sọ ohun tí mo fẹ́ wá ṣe, bóyá wọn ì bá ti ilẹ̀kùn yàrá ìpàdé yìí mọ́ mi. Ẹ wo bí irọ́ ṣe rọrùn fún mi tó: òun náà ni mo fi ṣílẹ̀kùn tí mo gbà wọlé wá sọ òótọ́. Àìsàn tó ń ṣe mí kì í ṣe èyí tí yóò jẹ́ kí n pẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì láti ọdún pípẹ́ kò sì gbọdọ̀ bá mi wọlẹ̀. Nínú yàrá yìí gan-an, nídìí tábìlì gígùn yìí, ni mo ti ba orúkọ ẹnìkan jẹ́. Ẹni náà ló jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, lẹ́bàá fèrèsé, tó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sórí itan. Àbúrò ìyàwó mi ni. Ẹ̀yin àgbà inú yín mọ̀ ọ́n sí Òṣùwọ̀n. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún un nílé, ó ní òun kò gba ìjẹ́wọ́ inú yàrá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ibi tẹ́ ẹ ti parọ́ mọ́ mi ni kẹ́ ẹ ti lọ sọ òótọ́.” Ìdí tí mo fi wà níwájú yín nìyẹn.

Kí n tó dé orí ẹ̀ṣẹ̀ mi, ó yẹ kí n la ọ̀rọ̀ náà yé àwọn tó jẹ́ pé ọ́fíìsì ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọn kì í wọ láàbù. Ara èèyàn kún fún àwọn ìránṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri, a sì ń pè wọ́n ní họ́mọ̀nù. Wọ́n kéré débi pé bí ẹ bá ní kí n fi wọ́n hàn yín, ojú lásán ni n óò máa yí. Ìránṣẹ́ kan lè kọjá lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì kí wọ́n má dá a lóhùn, àfi èyí tó bá ní etí tó bá ohùn rẹ̀ mu. Etí là ń pè é nínú láàbù wa. Ìwé ní orúkọ gígùn fún un, ṣùgbọ́n iṣẹ́ etí ló ń ṣe. Bí họ́mọ̀nù bá wọ etí náà, tó jókòó dáadáa, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: á pín sí méjì, á wú, á ní kí ọmú yọ tàbí kí irùngbọ̀n hù. Bísífẹ́nọ́ọ̀lù kì í ṣe ìránṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ike líle ni. Àmọ́ ó ní orí méjì, afárá kékeré kan ló so wọ́n pọ̀ láàárín, àwọn orí yìí sì jọ ti họ́mọ̀nù obìnrin tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè wọ inú etí yẹn lọ jókòó, kó sì máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò le tó ti onílé, mi ò ní purọ́. Nínú etí mìíràn, ti họ́mọ̀nù ọkùnrin, kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ńṣe ló ń jókòó dí ibẹ̀ kí onílé má ráyè wọlé. Àwọn kan á ní, ohun tó kéré báyìí, kí ló lè ṣe? Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ títí ètè mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Nígbà tí ariwo pé bísífẹ́nọ́ọ̀lù àtijọ́ léwu pọ̀, tí àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dá fídà padà sí ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn ìgò oníke tí wọ́n fi ń fún ọmọ ní mílíìkì, ọkùnrin tó ń ṣe fídà náà wá bá wa. Ọ̀gá Onífídà là ń pè é. Ẹ má dá a lẹ́bi o. Kò fi nǹkankan lọ̀ mí, kò bẹ̀ mí pé kí n purọ́. Ìbéèrè ló wá bi: “Ọ̀gá láàbù, kí ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?” Èmi ni mo dáhùn. Mo ní àbúrò rẹ̀ wà, bísífẹ́nọ́ọ̀lù mìíràn, tí kì í tètè jáde lára ike bí wọ́n bá da omi gbígbóná sí i. Òótọ́ sì ni, kì í tètè jáde. Ohun tí mi ò rò, tàbí kí n kúkú sọ pé ohun tí mi ò fẹ́ rò, ni pé afárá àárín nìkan ni wọ́n pààrọ̀ lára àbúrò yìí. Orí méjèèjì tó fi ń wọ etí sẹ́ẹ̀lì wà bó ṣe wà. Ẹni tó bá pààrọ̀ fìlà, ṣé ó ti pààrọ̀ orí? Mo sọ ọ́ lórí rédíò pé kò léwu. Mo sọ ọ́ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì fẹ́ràn àtẹ́wọ́. Nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi, Ọ̀gá Onífídà ti yí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni tó dán nǹkankan wò. Àyẹ̀wò ló kù, torí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ohun tí ọmọdé ń lò ní àwọn kò ní fọwọ́ sí i láìjẹ́ pé a yẹ̀ ẹ́ wò, àwa náà ni wọ́n sì ní kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó mú ọmọ eku funfun tí wọ́n jẹ́ abo, tí ara wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe họ́mọ̀nù tirẹ̀, a ó fún wọn ní èròjà náà, lẹ́yìn náà a ó wọn ilé ọmọ wọn. Bí èròjà bá ń ṣe bíi họ́mọ̀nù obìnrin, ilé ọmọ á wú, á wúwo. A kì í tilẹ̀ fi ẹ̀wà sóyà sínú oúnjẹ wọn, torí ẹ̀wà náà mọ bá a ṣe ń fara wé họ́mọ̀nù. Agbo eku kan ń gba òróró lásán. Agbo kan sì wà tí a ń pè ní ẹlẹ́rìí: họ́mọ̀nù gidi là ń fún wọn, níwọ̀n kékeré, ká lè mọ̀ pé eku wa ń gbọ́ràn. Bí ilé ọmọ ẹlẹ́rìí kò bá wú, a jẹ́ pé etí àwọn eku náà di, kò sì sí ohun tí àyẹ̀wò náà lè sọ fún wa. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ èyí tó máa lọ sọ́dọ̀ ìjọba, mo dá díẹ̀ ṣe fúnra mi, ní ọjọ́ ìsinmi tí ilé ṣófo, pẹ̀lú irú eku tí a ti ń lò tipẹ́tipẹ́. Ilé ọmọ wọn wú. Kò wú bíi ti ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n ó wú. Mo dúró ti òṣùwọ̀n, mo ń wo nọ́ńbà, mo ń rẹ́rìn-ín òmùgọ̀. Ohun tó yẹ ni pé kí n gbé fóònù, kí n ní, “Ọ̀gá Onífídà, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì yín lọ́nà.” Gbólóhùn kan péré ni. Mo kó àwọn eku náà dànù, mo nu tábìlì, mo sì lọ sílé lọ jẹun.

Ẹ ó máa rò ó lọ́kàn pé mo wá yí nọ́ńbà padà. Rárá o. Ọgbọ́n burúkú tèmi jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Mo mọ irú eku kan. Àwọn tó ń sìn wọ́n ti ń ṣà wọ́n láti ìran dé ìran. Èyí tó bá ń bímọ púpọ̀, tó sì ń tètè sanra, ni wọ́n ń dá sí, títí etí sẹ́ẹ̀lì wọn fi di sí họ́mọ̀nù obìnrin. Ìwọ̀n tó máa mú eku tiwa wú, àwọn yìí kò ní tilẹ̀ ju ìrù sí i. Ẹnu olùkọ́ mi ni mo ti gbọ́ ọ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Ó ní a kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe irú àyẹ̀wò yìí láé. Mo di ìmọ̀ràn náà mú dáadáa, mo wá lò ó sódì. Mo ní kí wọ́n kó irú eku yẹn wá. Nígbà tí ẹni tó ń bá wa ra nǹkan bi mí pé kí ló dé tí a fi pààrọ̀ eku, mo ní àwọn yìí lera, wọn kì í ṣàìsàn. Wọ́n sì lera lóòótọ́.

Òṣùwọ̀n ló wọn àwọn èròjà. Èmi ni mo mú un wá síbí. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọ̀dọ̀ wa ló ń lo ìsinmi rẹ̀, èmi ni mo sì kọ́ ọ bí a ṣe ń di èémí mú nídìí òṣùwọ̀n onígíláàsì tí mímí lásán ń mú kí nọ́ńbà rẹ̀ gbọ̀n. Láìpẹ́ ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bó bá ń wọn nǹkan lọ́wọ́ tí ẹnìkan ṣílẹ̀kùn, á gbé ìka kan sókè láìwẹ̀yìn, onítọ̀hún á sì dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Òṣùwọ̀n. Wọ́n ní àfàìmọ̀ kó má máa wọn iyọ̀ kó tó bù ú sọ́bẹ̀. Lọ́jọ́ tí a wọn ilé ọmọ àwọn eku tuntun náà, ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan ń ṣe mí ní kàyéfì. Àwọn ẹlẹ́rìí ò sọ̀rọ̀. Họ́mọ̀nù gidi la fún wọn, ilé ọmọ wọn ò sì yàtọ̀ sí tàwọn tó gba òróró.” Mo ní èròjà Ọ̀gá Onífídà ńkọ́. Ó ní, “Ìyẹn náà ò ṣe nǹkankan, ṣùgbọ́n mi ò lè ka ìyẹn sí. Bí ẹlẹ́rìí ò bá sọ̀rọ̀, ẹjọ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àbí adití làwọn eku yìí ni?” Ó rẹ́rìn-ín bó ti sọ ọ́, ó rò pé àwàdà lòun ń ṣe.

Mo ní kó fi sílẹ̀, pé èmi fúnra mi á tún ti ẹlẹ́rìí ṣe. Mo sì tún un ṣe. Mo wọn họ́mọ̀nù tó pọ̀ ju ohun tí ìlànà wí lọ fíìfíì, mo fi pariwo sí àwọn adití náà létí. Bí èèyàn bá pariwo tó bẹ́ẹ̀, adití pàápàá á wẹ̀yìn wò. Ilé ọmọ wọn wú. Mo wá kọ ọ́ sínú àbọ̀ wa pé ẹlẹ́rìí ti sọ̀rọ̀, èròjà tuntun dákẹ́, nítorí náà kò sí ewu. Mi ò tilẹ̀ fi ìwọ̀n tí mo lò pamọ́. Ó wà níbẹ̀ ní ojú ewé tó jìnnà. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa kà á débẹ̀.

Ṣùgbọ́n àbúrò mi kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó lọ bá ọ̀gá àgbà, ó ní ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ dákẹ́, kí wọ́n bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Ni wọ́n bá pèpàdé sínú yàrá yìí. Ọ̀gá àgbà ìgbà náà, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, jókòó síbi tí ọ̀gá yín jókòó sí yìí. Obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba, Ọ̀gá Onífídà náà wá. Ẹ̀rọ amúlétutù bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo wa ń fi ìwé fẹ́ ara wa. Obìnrin náà kọjú sí mi, ó ní, “Kí ló dé tí ẹlẹ́rìí ìgbà àkọ́kọ́ ò fi sọ̀rọ̀?” Ìbéèrè tó yẹ ni. Ó wà létè mi láti sọ pé ọ̀rọ̀ eku ni. Mo wo Ọ̀gá Onífídà, mo rántí rédíò, mo rántí àtẹ́wọ́, mo ní, “Ọmọ tó wọn họ́mọ̀nù náà ló ṣì í wọ̀n. Ó kéré ju bó ṣe yẹ lọ.” Òṣùwọ̀n dìde lórí àga. Ó ní, “Mi ò ṣì í, mà. Mo wọ̀n ọ́n, mo sì tún un wọ̀n.” Mo ní kó jókòó. Mo fi ohùn bàbá bá a sọ̀rọ̀ níwájú wọn, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn tí a fi ń yọ ẹran lẹ́nu ọmọ. Mo ní kò sí ẹni tí kì í ṣàṣìṣe, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ọmọdé ni, oyún inú rẹ̀ sì ń rẹ̀ ẹ́. Oyún rẹ̀ ni mo fi ṣe ẹ̀rí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà, ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ orí ọmọ. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó má padà sídìí òṣùwọ̀n mọ́. Wọ́n sì fọwọ́ sí fídà.

Nígbà tó bímọ, a lọ kí i. Ìyàwó mi dúró ra ẹ̀bùn lọ́nà, mi ò bá a wọ ṣọ́ọ̀bù. Àfi ìgbà tó tú u ní pálọ̀ tí mo rí i pé fídà Ọ̀gá Onífídà ni, tuntun, ó ń dán, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé bísífẹ́nọ́ọ̀lù àtijọ́ kò sí nínú rẹ̀. Mo gbà á bí ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, mo jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi kó lè fọ́. Èmi onímọ̀ ike, mo gbàgbé pé ike ni. Ó ta sókè, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga, gbogbo ilé sì fi mí rẹ́rìn-ín. Òṣùwọ̀n bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó fọ̀ ọ́. Ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà lẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ ẹ bá ní ó dáa, ó dáa.” Ó da mílíìkì sí i, ó fún ọmọ. Mo jókòó, mo ń wo ọmọ náà títí ó fi mu ún tán. Ẹ má ṣì mí gbọ́: mi ò lè wá síbí wá sọ fún yín pé fídà náà ṣe ọmọ kankan ní jàǹbá. Mi ò mọ̀. Ọmọ náà wà, ó ti ga jù mí lọ. Bóyá kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkankan. Bóyá ó ṣe àwọn kan ní ohun tí kò hàn sójú. Ìkà tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Àyẹ̀wò tó yẹ kó jẹ́ ká mọ̀, èmi ni mo dí i létí, àwọn ìyá tí mi ò lè ka iye wọn sì fi ọmọ wọn ṣe ohun tó yẹ kí eku ṣe.

Ẹ ò ṣàkíyèsí pé mo fo nǹkankan? Mo ti ń sá fún un látìgbà tí mo ti jókòó. Lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ yẹn, mo bá Òṣùwọ̀n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta yìí, níbi tí a máa ń fi ẹ̀wù funfun kọ́. Ó ń bọ́ tirẹ̀, bọ́tìnnì kò sì tètè gbà fún un. Mo rò pé ó máa bú mi. Ká ní ó bú mi ni, bóyá ǹ bá ti jẹ́wọ́ níbẹ̀. Kò bú mi. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ má wojú ẹnikẹ́ni, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé èmi ni mo ṣì í lóòótọ́?” Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ẹlòmíràn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ọ̀gá Onífídà ti lọ, obìnrin ìjọba ti lọ, kò sí ẹni tí mò ń díbọ́n fún mọ́. Àwa méjì la kù, kò sì sí ẹnu kan láyé tí ì bá gbà gbọ́ ju tèmi lọ. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò mi. Ìwọ lo ṣì í. Má jẹ́ kó dùn ọ́, ó máa ń ṣẹlẹ̀.” Ó ní, “Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nínú ìpàdé, orúkọ rẹ̀ ni mo bà jẹ́, orúkọ sì ṣeé tún ṣe. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé tó ní nínú ojú ara rẹ̀ àti ọwọ́ ara rẹ̀ ni mo gbà, mo sì fi ohùn ìfẹ́ gbà á. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, òun ni mi ò rí orúkọ fún.

Ọdún ń gorí ọdún. Wọ́n fi mí jẹ ọ̀gá níbí, mo fẹ̀yìn tì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Àìsàn wá dé, jẹjẹrẹ tó máa ń mú àgbàlagbà ọkùnrin nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀. Dókítà tó ń tọ́jú mi, ọmọ tí mo lè bí, kọ oògùn oníhóró kan fún mi. Kò mọ iṣẹ́ tí mo ṣe rí, ó fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Ó ní, “Bàbá, họ́mọ̀nù ọkùnrin ló ń bọ́ jẹjẹrẹ yìí. Oògùn yìí á lọ jókòó síbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń gbà á wọlé, á dí ibẹ̀ pa.” Mo ní, “Hóró kékeré yìí náà?” Ó ní, “Ẹ má wo kékeré rẹ̀ o, bàbá.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, dókítà rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Kò pẹ́ tí ọmú mi fi wú, tí ooru ń bò mí nígbà tí òtútù ń mú gbogbo ayé, tí mò ń sunkún nítorí ìgbálẹ̀ tó ṣubú. Ìyàwó mi ní, “Bàbá wọn, ṣé kí n bá yín ra kọ́mú ni?” Mo mọ̀ pé ìwọ̀n oògùn ju ohun tó ń jáde lára fídà lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n irú ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé, ilẹ̀kùn tí mo fi gbogbo ọdún yẹn sọ fún ayé pé kò sẹ́ni tó ń gbà á kọjá.

Síbẹ̀, ìyẹn kọ́ ló mú mi jẹ́wọ́. Olórí kunkun ni mí, mo lè bá a kú. Òṣùwọ̀n ló máa ń wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tọ́jú mi. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi wà ní kíṣìnnì, ó ní kí àbúrò òun fún mi ní oògùn. Hóró kan ṣoṣo ni mò ń lò. Ó yọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó wá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wò ó. Ṣé ẹyọ kan ni?” Ìyàwó mi yọjú, kò tilẹ̀ wò ó dáadáa, ó ní, “Ẹyọ kan ni, jàre,” ó padà sídìí iná. Ó ti mọ́ gbogbo ilé lára. Nígbà tí Òṣùwọ̀n lọ tán, mo bi ìyàwó mi pé kí lèyí. Ó ní, “Ẹ ò mọ̀ ni? Látìgbà iṣẹ́ yẹn ni. Nígbà tọ́mọ rẹ̀ kéré, bára ọmọ bá gbóná, kì í lè wọn oògùn fún un. Ọkọ rẹ̀ ló ń wọ̀n ọ́n. Bọ́kọ ò bá sí nílé, á gbọ́mọ lọ bá aládùúgbò.” Mi ò mọ̀. A jọ ń jẹun, a jọ ń ṣeré, mi ò mọ̀, torí pé mi ò fẹ́ wo ibẹ̀. Bó ṣe tún wá, mo sọ ohun gbogbo fún un. Ìyàwó mi ló sunkún. Òun kò sunkún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n dákẹ́. Ó ní kò sí ẹni tí kì í dárí ji aláìsàn, òun ò sì fẹ́ irú ìyẹn. Ìgbà náà ló wá ní kí n máa bọ̀ níbí.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ fagi lé àbọ̀ yẹn lónìí. Ẹ sọ fún ìjọba, ẹ sọ fún Ọ̀gá Onífídà, kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò pẹ̀lú eku tó ń gbọ́ràn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti ọlọ́pàá, ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ẹ mọ ilé mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá fẹ́ purọ́ nínú iṣẹ́ wa kò nílò kó yí nọ́ńbà kankan padà. Kó ṣáà ti lọ wá adití ṣe ẹlẹ́rìí. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní kẹ́ ẹ wò ó, pé nǹkan yìí dákẹ́, kò léwu, ẹ kọ́kọ́ bi í pé etí ta ló fi gbọ́ ọ. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá sì sọ àsọjù, bí mo ṣe sọ ọ́ lórí rédíò, ẹ tètè ní ẹ ṣàṣìṣe. Gbólóhùn kan ni. Mo sá fún gbólóhùn kan yẹn, mo sì sá títí mo fi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi rèé nísàlẹ̀ kòtò, ẹ wò mí dáadáa.

Àbúrò mi, mo dé ọ̀dọ̀ rẹ wàyí. Ìbéèrè tó o bi mí, mi ò tíì dá ọ lóhùn níbi tí àwọn èèyàn ti lè gbọ́. Ìwọ kọ́ lo ṣì í. Ohun tó o wọ̀n pé. Ó pé lẹ́ẹ̀kíní, ó sì pé nígbà tó o tún un wọ̀n. Eku ni kò gbọ́ràn, èmi ni mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yàn wọ́n. Mi ò ní kó o dárí jì mí níwájú wọn. Wọ́n á máa wò ọ́, kò ní jẹ́ látinú rẹ wá. Ohun kan péré ni mo bẹ̀ ọ́. Bó bá tó àkókò oògùn mi lọ́la, ìwọ ni kó o fún mi. Má pe Àǹtí rẹ, má pe ẹnikẹ́ni wá wò ó. Ohunkóhun tó o bá kó sí mi lọ́wọ́, n óò gbé e mì.